*KÍ A TÓ SỌ PÉ GÌRÌ LÁSÁN NI, Ẹ NÍ KÍ WỌ́N YẸ ṢÚGÀ ỌMỌ WÒ*



Tí ọmọ tuntun bá ń sùn jù, tí kò mu ọmú dáadáa, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí gìrì sì mú un, kí la máa ń kọ́kọ́ sọ? A ní atẹ́gùn ló fẹ́ sí i, tàbí pé àbíkú ni. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú: *“Ṣé ẹ ti yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?”*

Ṣúgà ọmọ ọwọ́ lè já wálẹ̀ nítorí ebi, òtútù, tàbí nítorí pé ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ọmú nìkan kò lè ṣẹ́gun.

Lẹ́yìn àpò oúnjẹ wa ni páńkíríàsì wà. Inú rẹ̀ ni àwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan ti ń ṣe ínsúlínì, èyí tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ṣíwọ́. Àmọ́ wọ́n bí àbùkù mọ́ àwọn ọmọ kan: sẹ́ẹ̀lì tiwọn kì í ṣíwọ́, bí ẹ̀rọ omi tí kò ṣeé tì. Ínsúlínì náà kì í sì í jẹ́ kí ara yọ́ ọ̀rá fi bọ́ ọpọlọ. Bí ebi ṣe ń pa ọpọlọ nìyẹn. Ọmọ lè yè é, kó má lè jókòó tàbí sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Congenital hyperinsulinism ni àwọn dókítà ń pè é.

Ó ní ìtọ́jú. Oògùn diazoxide ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dúró lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Nígbà míì, ojú kan ṣoṣo ló bàjẹ́ nínú páńkíríàsì. Tí wọ́n bá gé e kúrò, ara ọmọ lè yá pátápátá. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni, ìtọ́jú a le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní, “Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 50,000 ló ń ṣe, kí ló kàn wá?” Ó kàn wá, torí àyẹ̀wò kan náà ló ń tú àṣírí èyí tó wọ́pọ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi ń jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti rí i pé ó ń já ṣúgà ọmọ wálẹ̀. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ti ń tán, a tún wá ń gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀!

Nítorí náà:
✅ Tí ọmọ bá lè gbé mì, ẹ fún un lọ́mú bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.
❌ Tí gìrì bá mú un, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe àgbo, kì í ṣe oyin.
✅ Tí ṣúgà bá ń já léraléra lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi sí i lára, pàápàá ọmọ tó tóbi tí ìyá rẹ̀ kò ní àtọ̀gbẹ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ínsúlínì rẹ̀ wò, kí wọ́n sì darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. 🙏