Ṣọ́ọ̀bù orí tírélà: Egungun ọkọ̀ àlòkù ló yẹ kí oníṣòwò náwó lé kó tó kan ọ̀dà

Oníṣòwò kékeré tó bá fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ lọ bá oníbàárà kì í fi gbogbo ọkàn sórí ṣọ́ọ̀bù oníbíríkì mọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gòkè sí i, onílé sì lè dé lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ fi ilé òun ṣe nǹkan mìíràn. Ìdí nìyí táwọn kan fi ń wo bọ́ọ̀sì àtijọ́ tàbí àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú sí abúlé mẹkáníìkì, tí wọ́n á ní báwọn bá là á ní fèrèsé, táwọn sì kùn ún lọ́dà tó ń dán, ó ti di ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe nìyẹn. Èrò náà dára gan-an ni. Ibi tí owó ń gbà bọ́ sọnù ni pé ara ọ̀dà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ohun méjì ló yẹ kí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èkíní ni pé ara egungun ni iye owó ọkọ̀ àlòkù wà, kò sí lára àwọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó fẹ́ tajà lójú kan fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ kò nílò ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àpótí tó dúró dáadáa lórí tírélà kékeré, èyí tí mọ́tò mìíràn lè fà, sàn fún un ju odindi ọkọ̀ àlòkù lọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni gbígbé ilé lé orí ṣáásí. Nígbà ayé bọ̀lẹ̀kájà, orí àti ṣáásí lásán ni ọ̀pọ̀ lọ́rì Bedford máa ń ní, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀. Nígbà tó kan mólúè, àwọn wẹ́dà Èkó mú ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911, wọ́n gbé ara bọ́ọ̀sì lé e, wọ́n sì jó irin ìjókòó sínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí mọ òtítọ́ kan tó yẹ kí oníṣòwò òde òní mọ̀: ọ̀tọ̀ ni ara, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀. Ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣì wúlò.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1979, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ra yàrá kékeré kan tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ń pè ní kámpà. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, ibi ìfọwọ́ wà. Kódà, ilé iṣẹ́ Ford ta píkọ́ọ̀pù tí wọ́n dìídì ṣe láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn píkọ́ọ̀pù dípẹtà, ẹ́ńjìnnì wọn kú, ṣùgbọ́n àwọn kámpà kan ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn ṣe ni pé wọ́n gbé kámpà lé orí tírélà kékeré. Láti ìgbà náà, mọ́tò yòówù tó bá lágbára tó ló lè fà á. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á sì gbé mọ́tò wọn lọ síbi tó bá wù wọ́n.

Àǹfààní yìí gan-an ló wà fún oníṣòwò. Bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù bá kú, ṣọ́ọ̀bù náà kú síbi tó dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò tó ń fa tírélà bá kú, èèyàn á pe òmíràn. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà kan sì fò láti iye tí kò tó ₦200 lọ sí ₦488 ní àwọn ilé epo NNPC l'Ékòó, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń mu epo bí omi ti di gbèsè tó ń rìn. Ẹni tó bá ń háyà mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti fa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ iye tó ń ná. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì àlòkù kò mọ iye tí mẹkáníìkì máa bù fún un lọ́la.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ inú rẹ̀. Omi òjò ni alángbá inú ọ̀rọ̀ yìí. Irú àwọn kámpà àtijọ́ wọ̀nyẹn, igi tín-ín-rín ni egungun ọ̀pọ̀ wọn, páànù alumí ni wọ́n fi bò ó lóde. Omi máa ń gba ojú ìsopọ̀ páànù, etí fèrèsé àti ihò ìṣó orí òrùlé wọlé. Páànù alumí kì í jẹrà bíi pákó, nítorí náà ìta á máa dán, ṣùgbọ́n igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Bákan náà ló rí pẹ̀lú àpótí onírin: ọ̀dà tuntun lè bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré.

Kí oníṣòwò tó na owó jáde, ó yẹ kó wọ inú àpótí náà, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, omi ti wà níbẹ̀. Kó fi ẹnu síkírù-díráfà tẹ pákó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti abẹ́ fèrèsé. Bó bá wọlé láìsí agbára, igi náà ti kú. Kó wá wọ abẹ́ ṣáásí, kó fi òòlù kékeré gbá irin ibẹ̀. Irin tó le á dún gooro, èyí tó ti jẹrà á dún gbọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, kó da omi sórí òrùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó sì lọ dúró sínú. Ẹni tó ń tajà tí kò bá gbà kí wọ́n da omi sórí ọjà rẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Bí ẹnì kan bá ra àpótí tó ń dán ní ₦1,200,000, tó wá rí i pé igi inú rẹ̀ ti jẹrà, tó sì ná ₦900,000 láti pààrọ̀ rẹ̀, ₦2,100,000 ló ti bá a lọ. Bí ẹnìkejì bá ra èyí tó burẹ́wà ṣùgbọ́n tó gbẹ ní ₦600,000, tó ná ₦500,000 lórí ọ̀dà àti fèrèsé, ₦1,100,000 ni gbogbo rẹ̀. Mílíọ̀nù kan náírà tó wà láàárín wọn lè ra ọjà kún ṣọ́ọ̀bù.

Bí igi bá ti jẹrà débi pé ó ju ìdajì lọ, kò sí ọgbọ́n nínú títún un ṣe. Kí wọ́n fi ti àtijọ́ ṣe òdiwọ̀n, kí káfíńtà àti wẹ́dà kan tuntun. Bí ó bá sì ṣeé tún ṣe, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo igun kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára páànù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì ju pákó tó jẹrà nù kí tuntun tó dúró sáyè rẹ̀. Òun ni wọ́n máa fi gé tuntun. Ní ojú ìsopọ̀, gọ́ọ̀mù onírọ́bà tó máa ń rọ̀ títí, èyí tí wọ́n ń pè ní butyl, ló yẹ kó wà lábẹ́ irin ìbòjú. Sílíkóònù tí wọ́n fún sórí ìdọ̀tí lásán kì í pẹ́ tó fi ń ṣí.

Ìṣirò ìwúwo

Ọ̀rọ̀ tírélà kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbójú wò ó. Axle kan tó wọ́pọ̀ lára tírélà kékeré ní Amẹ́ríkà lè gbé pọ́n-ùn 3,500, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1,590. Bí tírélà fúnra rẹ̀ bá wúwo tó kílò 400, ó ku 1,190. Bí àpótí bá jẹ́ 600, ó ku 590. Omi lítà 200 jẹ́ kílò 200, ó ku 390. Inú 390 yìí ni fìríìsà, sítóòfù, sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀, ìkòkò àti ọjà máa wà. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí kó tó pe wẹ́dà á kàn bá táyà rẹ̀ nílẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Ìwúwo náà ní ibi tó yẹ kó wà. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí irin tí mọ́tò fi ń fà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 1,000, kílò 100 sí 150 ló yẹ kó sọ̀ síwájú. Bó bá kéré jù, ìdí tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bó bá ti ń sáré. Bó bá pọ̀ jù, á tẹ ẹ̀yìn mọ́tò tó ń fà á mọ́lẹ̀, iwájú mọ́tò á sì fúyẹ́ débi tí síárìn kò ní ṣeé darí dáadáa. Ìdí nìyí tí fìríìsà àti ike omi kò fi gbọ́dọ̀ wà níbi tó bá ṣáà ti ṣófo.

Iṣẹ́ ni kó pàṣẹ, kì í ṣe ẹwà

Àwọn tó ń tún kámpà ṣe nítorí ìfẹ́ ohun àtijọ́ máa ń fẹ́ kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Oníṣòwò kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta àmàlà kò nílò bẹ́ẹ̀dì. Imú kámpà tó yọ síwájú, èyí tí wọ́n ṣe fún bẹ́ẹ̀dì lórí píkọ́ọ̀pù, lè di ibi ìkẹ́rù sí. Ìsàlẹ̀ kámpà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju òkè rẹ̀ lọ, torí pé àárín táyà píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ti dórí tírélà, àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì náà lè gba àpótí tí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì máa wà.

Láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ni mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún rìn ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló yẹ kí fèrèsé ìtajà wà, kí oníbàárà lè dúró síhà ilẹ̀ kó má ṣe dúró sójú títì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí bó bá ń jò. Ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ìta sì ni sílíńdà gbọ́dọ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú àpótí rárá, èéfín rẹ̀ ń pààyàn láìpariwo.

Ìbéèrè kan kù: níbo ni ṣọ́ọ̀bù náà máa dúró sí? L'Ékòó, òfin tó ta ko títajà lójú títì ti wà láti ọdún 2003. Táyà abẹ́ ṣọ́ọ̀bù kò sọ pé òfin kò kàn án. Ọ̀dọ̀ ilé epo, iléèwé, ilé ìjọsìn tàbí onílẹ̀ tó ní àyè níwájú ilé ni kí oníṣòwò ti kọ́kọ́ lọ ṣàdéhùn, kó sì gba ìwé, kó tó ra ohunkóhun. Kó sì yọjú sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí owó àti ìwé tí wọ́n ń béèrè, kó tún wádìí ìwé àti iná ẹ̀yìn tí tírélà nílò lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní kọ̀ńténà tàbí kíósì onírin kò ní wàhálà tó báyìí. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí oníbàárà rẹ̀ sì ń wá bá a, kó gbé kọ̀ńténà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án, tó sì fẹ́ wà níbi àríyá lópin ọ̀sẹ̀, kọ̀ńténà kò lè bá a lọ.

Ohun tó ń pa irú òwò yìí jù ni ìdúró pípẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Bí iṣẹ́ náà bá gba ₦3,000,000, tí èrè ojúmọ́ sì jẹ́ ₦10,000 fún ọjọ́ 25 lóṣù, ₦250,000 ló ń wọlé lóṣù, ọdún kan gbáko sì ni owó náà fi máa padà. Oṣù méjì tí tírélà bá lò níbi tí wọ́n ti ń tún iṣẹ́ ṣe jẹ́ ₦500,000 tí kò wọlé. Nítorí náà, kí oníṣòwò ya ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀, kó san owó fún oníṣẹ́ ní ìpele ìpele, kó sì jẹ́ pé ọ̀dà ló kẹ́yìn nínú ohun tó máa rà. Ilé tí wọ́n bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá sì fi ọ̀dà gbé ró, òjò àkọ́rọ̀ ló máa fi àṣírí rẹ̀ hàn.