Abiyamọ, Ìjókòó Iwájú àti Ọ̀nà Accra

Láti Èkó dé Accra, bàálù kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lójú sánmà. Wọn ò ní tíì kó ike omi àti ìpápánu nílẹ̀ tán tí wọn yóò ti ní kí oníkálukú de bẹ́líìtì rẹ̀, pé ilẹ̀ ti dé. Síbẹ̀, tí ìrìn àjò bá bọ́ sọ́wọ́ tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìbéèrè kan kì í tán láàárín wọn: ṣé kí wọ́n ra ìjókòó iwájú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, nítorí ọmọ ọwọ́? Àwọn kan ń lọ fi ọmọ han ìyá àgbà, àwọn kan ń lọ síbi ìgbéyàwó, òwò ló ń gbé àwọn mìíràn lọ. Ó yẹ ká dáhùn ìbéèrè náà tọkàntọkàn, nítorí owó tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lẹ́sẹ̀ òbí rẹ̀. Tí ìrìn àjò bá ti kọjá ẹnubodè, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kí òbí fojú sí nìyí: owó ìjókòó tí òbí fúnra rẹ̀ rà ni wọ́n fi ń ṣírò ìdá mẹ́wàá náà. Ká ní ìjókòó ẹ̀yìn jẹ́ ₦400,000, kí ti iwájú jẹ́ ₦1,000,000. Ọmọ yóò san ₦40,000 lẹ́yìn, yóò san ₦100,000 níwájú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá kan náà ló jókòó lé. Àpapọ̀ owó tìyá-tọmọ yóò jẹ́ ₦440,000 lẹ́yìn, ₦1,100,000 níwájú. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ ra odindi ìjókòó méjì lẹ́yìn, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ, tí wọn ò tilẹ̀ dín kọ́bọ̀ kù fún un nítorí ọmọ, ₦800,000 ni yóò san. Ọmọ ti ní ìjókòó tirẹ̀, ₦300,000 sì ṣẹ́ kù sápò.

Kí wá ni owó gọbọi yẹn ń rà níwájú? Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ńláńlá dá bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì fún. Ìrìn àjò gígùn ló ti ń wúlò jù. Láti Èkó sí London, tó ju wákàtí mẹ́fà lọ, ìjókòó lè tẹ́ gbalaja di ibùsùn. Bàálù kékeré tó ń ná Èkó sí Accra kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ibùsùn níbẹ̀ fún ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bẹ́ẹ̀dì ìkókó tí wọ́n ń so mọ́ ògiri nínú àwọn bàálù ńlá. Ní Yúróòpù pàápàá, ìjókòó kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tà ní bísínẹ́ẹ̀sì fún ìrìn àjò kúkúrú. Wọ́n kàn fi ti àárín sílẹ̀ lófìfo ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjókòó iwájú fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, oúnjẹ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, etí yóò dun ọmọ níwájú bó ṣe ń dùn ún lẹ́yìn. Ọmú tàbí ìgò oúnjẹ ni oògùn rẹ̀, kò sì sí ìyẹn nínú ohun tí wọ́n ń tà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì.

Orí ilẹ̀ gan-an ni èrè ìjókòó iwájú wà. Ẹni tó rà á kò ní tò pẹ́ kó tó fi ẹrù sílẹ̀. Ẹrù tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i. Yóò ráyè jókòó nínú lọ́ǹjì tó tutù, yóò rí ibi tó mọ́ tó ti lè pààrọ̀ ìlédìí ọmọ. Òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè wọlé. Nígbà mìíràn, tí ara ọmọ bá gbóná ní òru ọjọ́ ìrìn àjò, irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣe é sún síwájú láìsan ìtanràn. Fún ìyá tó ń dá rìn, tó gbé ọmọ pọ̀n, tó tún ń fa báàgì, ìtura ńlá ni, n kò sì ní bú ẹni tó bá rà á.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó yẹ kó jẹ́ ti olówó nìkan. Àga tí abiyamọ lè jókòó lé, yàrá mímọ́ tó ti lè tọ́jú ọmọ, ìlà tí kò ní pa á lẹ́sẹ̀: èwo nínú wọn ni fàájì? Nínú ọjà wa, bí èrò ṣe pọ̀ tó, ẹnì kan yóò ṣáà pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ kọjá. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lórí ìyẹn. Ohun tí a ṣe sí omi ẹ̀rọ la tún ń ṣe sí pápákọ̀ òfuurufú: nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba kò yọ omi mọ́, ẹni tó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà rẹ̀, ẹni tí kò ní ń ru garawa kiri, a sì gbàgbé pé ẹ̀rọ kan yẹ kó wà fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 1989, bàálù United Airlines kan já lulẹ̀ ní Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà. Ọmọ mẹ́rin tí kò ní ìjókòó tiwọn wà nínú rẹ̀. Ìlànà ìgbà náà ni pé kí òbí tẹ́ wọn sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kú. Jan Brown, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà pé kí wọ́n sọ ọ́ dòfin kí gbogbo ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀. Àjọ FAA tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú lọ́hùn-ún gbà pé ìjókòó tirẹ̀ ló dára jù fún ọmọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ dòfin. Ìdí tí wọ́n fún un ni pé bí owó bá pọ̀ jù fún àwọn òbí, ọ̀pọ̀ yóò gba ojú títì lọ, ikú tó sì wà lójú títì pọ̀ ju ti òfuurufú lọ fíìfíì.

Bí àròjinlẹ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́ ní Amẹ́ríkà, mélòó mélòó ní ọ̀nà Èkó sí Accra! Abiyamọ tí owó bàálù bá ju agbára rẹ̀ lọ yóò wọ mọ́tò ni. Yóò kọjá Sẹ̀mẹ̀, yóò kọjá Hillacondji, yóò kọjá Aflao, ẹnubodè mẹ́ta, láìka àwọn ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láàárín wọn. Oòrùn wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí bẹ́líìtì fún ọmọ náà. Gbogbo náírà tí a bá fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ti ìyá kan padà sójú ọ̀nà yẹn.

Nítorí náà, ó yẹ ká béèrè ohun tó gbé owó bàálù lékè. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara bàálù, òun náà ni wọ́n fi ń yá bàálù lò. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ìjọba Nàìjíríà tún ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí á tó sọ owó pápákọ̀ àti owó ààbò tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà. Páasípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún, tí ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní, di ₦100,000 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀, Èkó níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní ọdún 1975, ọdún 1979 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ẹkùn yìí máa rìn fàlàlà láti ìlú dé ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn olórí ìjọba ECOWAS tún pinnu pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, kí wọ́n fagi lé owó orí lórí ìrìn àjò bàálù, kí owó èrò àti owó ààbò sì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ìpinnu rere ni. Lára tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó ti hàn, kì í ṣe nínú ìwé ìpàdé.

Ìmọ̀ràn mi fún òbí kò le. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń san owó yín, tàbí bí ara ìyá kò bá tíì yá tán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹ jókòó síwájú, kí ẹ sì sinmi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó tí ẹ fi pamọ́ tàbí èyí tí ẹ fẹ́ lọ yá ni, ẹ má ṣe é nítorí ìrìn àjò wákàtí kan. Ẹ ra ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ sì ra ọ̀kan fún ọmọ bí agbára bá ká a. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n gba àga ọmọ tí ẹ ní. Kí ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú àkáǹtì ọmọ.

Ẹ̀yin alákòóso pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, Cotonou, Lomé àti Accra, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ẹ ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá gbé ọmọ dání, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní yàrá tó mọ́. Ẹ̀tọ́ abiyamọ ni; ẹ má tà á fún un mọ́.