Ìwé tí aláìsàn ọpọlọ fi ń sọ ìfẹ́ inú rẹ̀: ta ni yóò bá a kọ ọ́?

Bí àìsàn ọpọlọ bá gbé èèyàn dé ọsibítù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ta ni yóò sọ oògùn tó bá a lára mu àti èyí tó máa ń dà á láàmú?

Ní Amẹ́ríkà, aláìsàn lè kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá: oògùn tó fẹ́, èyí tí kò fẹ́, ẹni tí kí wọ́n pè, ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un. Òfin àpapọ̀ ọdún 1990 pàṣẹ pé kí ọsibítù tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid bi ẹni tí wọ́n bá dá dúró bóyá ó ní ìwé ìtọ́jú tó kọ ṣáájú, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sí fáìlì.

Ṣùgbọ́n bíbéèrè yàtọ̀ sí ríranni lọ́wọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 láti ìlú márùn-ún fi hàn pé nínú 100 aláìsàn, àwọn tó ti kọ irú ìwé yìí kò ju 4 sí 13 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 66 sí 77 ló ní àwọn máa kọ ọ́ bí ẹnì kan bá ran àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá fi èèyàn jókòó ti àwọn aláìsàn kan ní North Carolina, 61 nínú 100 ló kọ tiwọn parí. Àwọn tí kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? 3 péré.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Aláìsàn fẹ́ ẹ, fọ́ọ̀mù ló gùn; ó tún ń fẹ́ ẹlẹ́rìí.

Lóòótọ́, dókítà lè má tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ nígbà pàjáwìrì. Síbẹ̀, lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá òfin kan ní Vermont dúró, torí ó jẹ́ kí wọ́n lè ti ìwé aláìsàn ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́nà tí wọn kì í gbà ṣe ti aláìsàn mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Houston tàbí Maryland, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé, ẹ bi wọ́n ní ọsibítù pé: "Ta ló máa bá wa kọ ọ́?" Ẹ fi ẹ̀dà kan sí fáìlì, kí ẹni tó máa gbẹnu sọ náà mú ọ̀kan.

Nílé níbí náà, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò èyí tá a ti ń lò láti 1958. Kò ní ná ọsibítù wa ní kọ́bọ̀ láti bi ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pé: "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe?" Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.