Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́síjìn: awọ ara ta ni wọ́n fi dán an wò?

Bí ẹ bá ti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn rí, yálà ní Kétu, ní Sábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ẹ̀rọ kékeré kan tí nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ ìka aláìsàn. Kò ní pẹ́ tí nọ́ńbà kan á yọ lójú rẹ̀: 97, 94 tàbí 89. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Oxymètre ni wọ́n ń pè é. Ó wà lára ohun tí dókítà máa ń wò kó tó pinnu bóyá kí aláìsàn gba ọ́síjìn tàbí kó máa lọ sílé. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú aago ọwọ́ ìgbàlódé tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà.

Ohun tí ìwádìí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti fi hàn ni pé àṣìṣe ẹ̀rọ yìí máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí awa la ni awọ dúdú, awa la sì ń ra ẹ̀rọ náà.

Ọdún 1974 ni Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Japan, gbé ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ náà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì gba inú ìka kọjá: ọ̀kan pupa, èkejì kò ṣeé fojú rí. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mì yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kò tó nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń ṣírò di nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n mẹ́láníìnì, ohun tó ń mú kí awọ wa dúdú, òun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ara àwọn ènìyàn tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò ni wọ́n sì ti rí ìṣírò rẹ̀. Bí aláwọ̀ funfun bá pọ̀ jù nínú wọn, aṣọ tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹlòmíràn rán ni wọ́n gbé wọ̀ wá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀rọ wé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn 276 tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti 1,333 tó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Nínú gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ka 92 sí 96, èyí tí kì í sábà kó jìnnìjìnnì bá dókítà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ọ́síjìn kò tó 88 ní ìgbà 11.7 nínú 100 fún aláwọ̀ dúdú. Fún aláwọ̀ funfun, ìgbà 3.6 nínú 100 ni. Ìyẹn ni pé àṣìṣe tiwa ju ìlọ́po mẹ́ta tiwọn lọ. Ní 2022, ìwádìí mìíràn lórí àwọn tó ní àrùn Kòrónà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nítorí àṣìṣe yìí, ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan yẹ fún ìtọ́jú.

Àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ìlànà wọn ti 2013 ní kí ilé iṣẹ́ dán ẹ̀rọ wò lára ènìyàn mẹ́wàá, ó kéré tán, kí méjì nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n gbé àbá tuntun jáde tó sọ ọ́ di ènìyàn 150, pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀ ara. Àmọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni àbá náà wà fún. Kò kan aago tí wọ́n ń tà fún eré ìdárayá.

Kí a má ṣe sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ. Ìwádìí Yunifásítì Duke ní 2020, lára ènìyàn 53, kò rí ìyàtọ̀ tó jọjú láàárín àwọ̀ ara nígbà tí aago ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ọ̀tọ̀ ni kíka ìlù ọkàn, ọ̀tọ̀ ni kíka ọ́síjìn. Àwọn onímọ̀ náà kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Ní Yunifásítì Brown, Kimani Toussaint àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dán ìmọ́lẹ̀ irú mìíràn wò. Ní San Francisco, iṣẹ́ àkànṣe Open Oximetry ń yẹ àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́jà wò lára oríṣiríṣi awọ, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

Ṣé kí a wá kó ẹ̀rọ náà dànù ni? Rárá o. Ó ti gba ẹ̀mí là, kò sì sí èyí tó rọrùn tó o. Ohun tó yẹ ni kí nọ́ńbà má ṣe bo ojú wa. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè mu ọmú, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ẹ̀rọ tiẹ̀ ka 95. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀ láti 98 sí 95 sí 93, ìlọsílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ móoru kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ nìkan kọ́ ló yẹ kó ru ẹrù yìí. Ẹni tó ń fi owó ìlú ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn lè bi oníṣòwò ní ìbéèrè méjì: ènìyàn mélòó lẹ fi dán an wò? Mélòó nínú wọn ló dúdú bíi tiwa? Orílẹ̀-èdè kékeré kan lè bi í kí wọ́n má dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ojú fi yẹ kó wà lára Àjọ Oògùn Ilẹ̀ Áfíríkà, AMA, tí àdéhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Kigali. Bí gbogbo Áfíríkà bá fi ohùn kan ní àwọn kò ní ra ẹ̀rọ tí wọn kò dán wò lára aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ń ṣe é á wá ara tiwa tí wọ́n á fi dán an wò kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà.