Ọfọ̀ Yorùbá Nínú Ìwé Gẹ̀ẹ́sì: Ta Ni Yóò Kọ Tiwa?

Ní ọdún 2018, ìwé ìtàn àròsọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Children of Blood and Bone. Tomi Adeyemi, tí a bí ní 1993 fún àwọn òbí tí wọ́n ṣí láti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Àwọn kan láàrin àwa olùkọ́ Yorùbá gbà pé ìwé náà kò kàn wá, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni ó da ọ̀rọ̀ òrìṣà rú. Èrò tèmi ni pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ẹjọ́ tí ó tóbi jù wà.

Ìtàn akíkanjú tí ó kún fún àràmàǹdà ni ìwé yìí. Ọba Saran pa àwọn tí wọ́n ní agbára ìdán ní ilẹ̀ Orïsha, ìyá Zélie sì wà lára wọn. Zélie, Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Amari ọmọ ọba, gbéra láti mú agbára náà padà. Yorùbá ni èdè ọfọ̀ wọn, èdè tí ọba ti fòfin dè. Apá kejì jáde ní 2019, ẹ̀kẹta ní 2024. Apá kìn-ín-ní gba ẹ̀bùn Andre Norton àti Lodestar. Òǹkọ̀wé náà sọ ní ìparí ìwé rẹ̀ pé ikú àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ni ó ta òun jí láti kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ àléébù rẹ̀. Bí a bá gbà pé èdè ni a fi ń mọ lítíréṣọ̀ àwùjọ kan, a kò lè pe ìwé yìí ní lítíréṣọ̀ Yorùbá. Àmì orí ‘i’ nínú Orïsha kò sí nínú àkọtọ́ wa. Àwọn ọfọ̀ inú rẹ̀ jọ àdúrà tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. A kò rí àwítúnwí àti ìfọ̀rọ̀dárà tí a fi ń dá ọfọ̀ gidi mọ̀. Ní ti Ìlọrin tí ó léfòó sórí omi àti Ìbàdàn tí yìnyín ti ń bọ́, n kò ka ìyẹn sí àṣìṣe. Ìtàn àràmàǹdà ni, Fágúnwà náà kò fi ayé sílẹ̀ bí ó ṣe bá a.

Ní ti àwọn òrìṣà, ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn tí Adeyemi kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Harvard, Salvador ní Bràsíl ni ó ti lọ kọ́ nípa ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ẹ̀sìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Abájọ tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fi di Oxosi nínú ìwé rẹ̀, tí Ọ̀ṣùmàrè di Ochumare. Orúkọ tí ó bá ọkọ̀ ẹrú kọjá òkun nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń bínú pé ó fi Ọya ṣe òrìṣà àwọn tí ń pàṣẹ fún òkú, kí ó rántí bí Ọya ṣe tan mọ́ Egúngún nílé níbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí nìyí. Nínú ìwé yẹn, idà ọba ni ó lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ. Nílé wa, ta ni ó yọ idà? Òbí ni ó ń kìlọ̀ fún ọmọ, olùkọ́ sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ èdè abínibí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ọ̀dọ́ tí ń wá akíkanjú tí ó jọ ọ́ yóò rí Zélie ní Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni a ní fún un ní Yorùbá tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ?

Olùkọ́ ni Fágúnwà, St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ni ó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe ni ó bí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Kí ó tó kú ní 1963, ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni ó ti kọ. Bí ìdíje kan bá lè bí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ni ó dí ẹ̀ka wa lọ́wọ́? Mo dábàá pé kí a máa ṣe ìdíje ìtàn àràmàǹdà lọ́dọọdún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì tẹ èyí tí ó bá dára jù. Kí a ka orí kan nínú ìwé Adeyemi mọ́ ti Fágúnwà ní kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àwọn ọfọ̀ rẹ̀ kọ bí ọfọ̀ ṣe yẹ kí ó rí, pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ tí ó wà lókèèrè ti sa ipá tirẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ó rí gbà. Àwa tí a wà nídìí orísun ni kò yẹ kí ọwọ́ wa ṣófo.