Àlùfáà ní Ọ̀nà Ààfin

Nísisìyí, bí a bá rí àlùfáà ní ọ̀nà ààfin, ilẹ̀ ilé ìsìn ni ó ń tọrọ, tàbí alága ọjọ́ ìkórè ni ó ń wá. Àwa kò ka èyí sí ìbẹ̀wò. Ní ọdún 1886, nígbà tí ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tíì rọlẹ̀, àwọn Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ni ó mú ìwé Gómìnà Moloney lọ bá àwọn olórí ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀, títí wọn fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Kì í ṣe ẹ̀wù àlùfáà nìkan ni àwọn ìjòyè bọ̀wọ̀ fún: Johnson ti gbé Ìbàdàn pẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ ní Arẹ́mọ, wọ́n mọ ojú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Nítorí náà, kí àwọn àlùfáà ìlú máa lọ sí ààfin lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, láìgbé àwo ọrẹ dání, kí àwọn àti Lèmọ́mù bá àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìjà ààlà ilẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn, kí ìjọ fúnra rẹ̀ dín in kù. Ojú yóò tì wá bí ó bá jẹ́ pé emèsè ọba ni ó wá sọ ọ́. Ẹ̀yin olóyè pẹ̀lú, ẹ ránṣẹ́ pè wá nígbà tí ẹjọ́ ṣì kéré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni a óò máa rí ara wa.