A Kò Gba Ẹ̀rọ Ìjórin Dípò Owó Oṣù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń fi í ṣẹ̀rín lẹ́nu géètì. Àgbà jórinjórin kan wà láàárín wa tí ó ń gbé ní Ikoga. Ilé iṣẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó lọ béèrè, wọ́n ní kò sí owó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìjórin kan ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rọ ńlá, 400 áḿpù, ẹrù Òyìnbó gidi. Kí ó gbé e lọ, kí ọ̀rọ̀ gbèsè parí síbẹ̀. Bàbá wo ẹ̀rọ, ó wo ọjọ́ orí ara rẹ̀, ó ní òun yóò kúkú máa fi ṣiṣẹ́ nílé. Ó buwọ́ lùwé. Ó tún fi owó ara rẹ̀ háyà ọkọ̀ tí ó gbé e dé Ikoga.

Ẹ̀rọ kò jórin. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Iná 415 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí ń gba orí wáyà méjì tí iná wà nínú àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ilé iṣẹ́. Iná 230 fóòtì, oníwáyà kan, ni ó wọ ilé Bàbá. Wọ́n wá oníná kan tí ó fa wáyà kejì wá láti orí òpó. Ní alẹ́ ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ fi ẹlẹ́tíróòdù kan irin, gbogbo gílóòbù àdúgbò pọ́n bí ẹyin ajá, lẹ́yìn náà fíúsì fò lórí tíráńsífọ́mà, òkùnkùn sì bo ojúlé gbogbo. Àwọn aládùúgbò tú jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A kò ní sọ ohun tí wọ́n wí fún àgbàlagbà náà níhìn-ín. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ra irin àlòpatì ni ó rà á, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n sì san owó kọ́pà inú rẹ̀. Ohun tí owó oṣù mẹ́ta dà nìyẹn.

Àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣé ẹ kò mọ irú iná tí ń wọ ilé òṣìṣẹ́ ni? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdí tí ẹ̀rọ náà fi wà ní ẹ̀yìnkùlé ni pé ẹ̀yin fúnra yín kò fẹ́ ẹ mọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní ọdún 1974, sọ ọ́ ní apá kìíní rẹ̀ gan-an pé owó gidi tí a ń ná ní ọjà ni a gbọ́dọ̀ fi san owó iṣẹ́, kì í ṣe ohun mìíràn. Àdéhùn tí ó bá sọ pé nǹkan mìíràn ni a ó fi san án kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin yìí kì í ṣe tuntun láyé. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi búrẹ́dì àti aṣọ láti inú ṣọ́ọ̀bù ara wọn san owó òṣìṣẹ́ títí di ọdún 1831, tí ìjọba ibẹ̀ fi fi òfin dí wọn lọ́nà. Ohun tí a ti kọ̀ fún àwọn awakùsà Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ kí bàbá arúgbó kan gbà ní Ikoga.

A ti sọ ti àwọn aláṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ara wa, nítorí pé bí Bàbá kò bá fẹ́ràn orúkọ 400 áḿpù yẹn, kì bá tí buwọ́ lùwé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó ní kàńtíìnì yóò gbọ́ ọ: lágbájá ti ra 250, tàmẹ̀dù ti ra 300, àwa náà fẹ́ 400. A mọ ohun tí ó fà á. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000, ẹni tí ó bá sì ní ọmọ ní ilé ìwé mọ ibi tí ìyẹn ń dé. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ irin jó yóò fẹ́ jó o ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé. A kò bá a wí. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ó ra agbára tí ilé rẹ̀ kò lè gbà.

Èwo ni iṣẹ́ tí ń wọlé ní Ikoga? Irin ojú fèrèsé, géètì, àga tí táǹkì omi ń jókòó lé, ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí, ẹ̀rọ ìfúnpo, sàlẹ́ńsà dáńfó, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí irin rẹ̀ là. Ẹlẹ́tíróòdù géèjì 12 ni yóò ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ń jẹ láti 60 sí 100 áḿpù. Géèjì 10 ń jẹ láti 90 sí 140. Ìgbà tí ó bá di ṣaasí ọkọ̀ akẹ́rù ni a ń bọ́ sí géèjì 8, tí ó lè gbà tó 190. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó bá lè fi òtítọ́ gbé 160 áḿpù ti tó fún ojúlé kan, 200 ti tó àṣejù. Kí ni 400 wá wá ṣe?

Ẹ tún wo ara ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán kì í gbà ju 13 áḿpù lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 3 kílówáàtì. Ẹ̀rọ oní-tíráńsífọ́mà, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń wé fúnra wọn, bí fóòtì ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ 70, yóò fa bí 30 áḿpù láti ara ògiri kí ó tó lè fún wa ní 100. Bí a bá fẹ́ 200, ó di 60. Ẹ̀rọ ínfátà yóò ṣe 100 kan náà pẹ̀lú áḿpù 12 sí 17, nǹkan bí 30 sí 40 ni yóò sì fi ṣe 200. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní bá aládùúgbò jà. Wáyà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbóná nínú ògiri, inú òrùlé ni iná sì ń gbà wọlé nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn. Kí onílùú ó tó lu ìlù, ẹ jẹ́ kí a wá wáyà tí ó nípọn, tí ó wá tààrà láti ojú mítà, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹrù tòkúnbọ̀ ló dájú, pé irin Òyìnbó kì í kú. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwo irin kékeré tí ó wà lára ẹ̀rọ kí owó tó kúrò lápò. Tí ó bá kọ 380 tàbí 415 nìkan, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Tí ó bá kọ 60Hz nìkan, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. 50 ni iná tiwa. Ẹ̀rọ oní-tíráńsífọ́mà tí a ṣe fún 60 yóò máa kùn lórí iná tiwa, irin inú rẹ̀ yóò sì máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ títí wáyà yóò fi jó. Ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú tí ó lè ṣe nínú mẹ́wàá kí ó tó sinmi, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn onítàjà ń pa irọ́ sí. Ẹ̀rọ Lincoln AC-225 tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lò nílé láti ìran dé ìran, 225 áḿpù ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n àwo ara rẹ̀ kò fi pamọ́ pé ìṣẹ́jú méjì péré nínú mẹ́wàá ni ó lè fi gbé e. Olóòótọ́ ni ìyẹn. Àpótí fífúyẹ́ tí wọ́n kùn ní pupa tí wọ́n sì kọ 300 gàdàgbà sí níwájú, tí kò sì ní àwo kankan lẹ́yìn, kì í ṣe olóòótọ́.

Èwo ni àwa yóò rà? Bí owó bá wà fún tuntun, ínfátà tí àwo rẹ̀ sọ 160 sí 200 ní tòótọ́, tí ó sì lè gba iná tí ó bá wálẹ̀ sí 180 fóòtì, nítorí pé irú iná bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun àti ẹ̀kù irin máa ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń lọ irin, ẹ sì máa ṣí i fẹ́ eruku jáde. Bí ó bá kú, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè jí i. Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa wé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, ó ń jẹ iná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wé e wà ní òpópónà kejì. Àwa kò ní bá ẹnikẹ́ni tàbùkù iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí a ṣáà rí i pé kọ́pà ni wọ́n fi wé e. Àwọn kan ń fi alumíníọ́mù wé e, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa bò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà náà díẹ̀, bí ó bá funfun, ẹ dín owó rẹ̀ kù tàbí kí ẹ máa lọ.

Ẹlẹgbẹ́ wa awakọ̀ kan bi wá pé tí ṣaasí ọkọ̀ akẹ́rù bá wá ńkọ́, ṣé kí òun lé owó ńlá lọ? A kò ní kí ó lé e. A ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ẹ̀ka wa ra ẹ̀rọ ìjórin ńlá kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì díísù tirẹ̀, kí ènìyàn mẹ́wàá máa fi orúkọ sílẹ̀ gbà á lò. Díísù wọ́n, lóòótọ́. Owó iná náà kò dúró: ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé ti àwọn oní Band A láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, tí NLC àti TUC fi lọ dí ẹnu ọ̀nà wọn ní oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n owó díísù tí mẹ́wàá pín yàtọ̀ sí gbèsè tí ẹnì kan dá jẹ. Ẹ̀yin awakọ̀, kí ẹ sì rántí tú orí bátìrì kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n jórin lára ọkọ̀, kí wọ́n so wáyà ìpadà mọ́ ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń jó gan-an kí iná má baà gba inú bíárìn. Táǹkì tí epo bẹntiróòlù ti gbé rí, òórùn inú rẹ̀ nìkan ń pa ènìyàn; ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn án nítorí pé ó ṣófo. Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ àbàtà, ní àsìkò òjò, kí a dúró lórí pákó gbígbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ lè bọ́ lọ́wọ́ 70 fóòtì. Ẹni tí ó làágùn tí ó sì dúró nínú omi, ó lè má dìde mọ́.

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yóò gbé lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Kí wọ́n san owó oṣù mẹ́ta Bàbá ní owó, kí wọ́n yọ iye tí àwọn onírin àlòpatì san kúrò bí wọ́n bá rò pé ojú kò ní tì wọ́n. Kí ilé iṣẹ́ kankan má ṣe tún gbé ẹrù fún òṣìṣẹ́ dípò owó. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ẹ̀rọ àtijọ́, kí wọ́n lẹ iye owó rẹ̀ àti ohun tí a kọ sí àwo rẹ̀ mọ́ ara pátákó, kí ẹni tí ó bá wù rà á lọ́fẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀, kí a má sì ta á fún alágbàtà lẹ́yìn ilé kí òṣìṣẹ́ tó gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀rọ rà ní oṣù yìí, ẹ da ohun tí ó wà lára àwo náà kọ sí bébà, títí kan fóòtì, Hz, áḿpù àti iye ìṣẹ́jú, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé. Àwọn oníná tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa yóò wò ó láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti sanwó kí ẹ tó wá, a ó ṣì wò ó, ṣùgbọ́n a kò ní fi ìdùnnú wò ó.